Bẹ́ẹ̀ Ni, Ẹ̀rí Ńkọ́? Ìlànà Ìtọ́jú Àyíká àti Ìṣe Ọmọlúàbí fún Àwọn Ilé Ìtura Èkìtì

Èkìtì kete! Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àyíká àti ìṣe ọmọlúàbí ní òtẹ́ẹ̀lì, tí ẹ ní ká wá sọ lónìí, kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti gba àlejò ọlọ́pọ̀ èrò rí. Kí ẹgbẹ́ aláàánú, yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń kó arìnrìn-àjò tó san owó yàrá ọgbọ̀n, wọ́n á kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù náà á bèèrè iye omi tí àlejò kan ń lò lálẹ́ kan, ibi tí ìdọ̀tí ń lọ, ọjọ́ orí òṣìṣẹ́ tó kéré jù, àti bóyá ẹ ti yẹ omi yín wò. Alákòóso á mú bíírò, á fa àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni" láti òkè délẹ̀, á dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti tán lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" kọ̀ọ̀kan tó ń bèèrè ẹ̀rí, òfìfo ló sì fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ìlànà tí à ń sọ yìí, ohun tó ṣeé fi hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè ni: ìwé, nọ́ńbà, rìsíìtì, tàbí òṣìṣẹ́ tó lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá méjìlá l'Ọ́yẹ̀ẹ́ lè gba máàkì ju ilé ńlá lọ bí ìwé rẹ̀ bá pé.

Níbo ni àwọn ìbéèrè náà ti wá? Púpọ̀ nínú wọn jáde láti ara ìlànà Global Sustainable Tourism Council, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ìrìn-àjò afẹ́ tí kò ba àyíká àti ìlú jẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní GSTC. Ọdún 2008 ni ìlànà náà kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀dà kẹta, tó wà fún òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí: bí ẹ ṣe ń ṣàkóso ilé, àǹfààní tó ń kan òṣìṣẹ́ àti ará ìlú, àṣà, àti àyíká. GSTC fúnra rẹ̀ kì í fún òtẹ́ẹ̀lì kankan ní ìwé ẹ̀rí o. Àwọn tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ló ń yẹ̀ wò. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá sọ pé òun á bá yín gba "ìwé GSTC" láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yáa ti owó yín bọ àpò. Ìlànà náà kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ìràwọ̀ tí wọ́n ń kọ sí iwájú òtẹ́ẹ̀lì. Ìràwọ̀ ń wo bẹ́ẹ̀dì àti kápẹ́ẹ̀tì. Ìlànà yìí ń wo ẹ̀yìn kíṣìn.

Ìṣirò kan wà tí gbogbo yòókù rọ̀ mọ́: alẹ́-àlejò. Bí èèyàn méjì bá sun yàrá kan fún alẹ́ mẹ́ta, alẹ́-àlejò mẹ́fà nìyẹn. Ó ti wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó wà níwájú. Kí ẹnì kan máa ro ó pọ̀ ní òpin oṣù ló kù. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé "owó omi ti pọ̀ jù" kò sọ nǹkan kan fún wa. Ó lè jẹ́ pé àlejò ló pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ pé páìpù ti bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní mítà omi ka lítà 186,000 lóṣù kan, tí alẹ́-àlejò sì jẹ́ 620. Lítà 300 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kan. Bí òtẹ́ẹ̀lì kò bá ní odò ìlúwẹ̀ẹ́, tí nọ́ńbà yìí sì ju 250 lọ, jíjò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kí ẹ tó máa lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri fún àlejò.

Ẹ lè sọ pé bohóòlù tiyín kò ní mítà. Ọ̀pọ̀ ni kò ní. Ẹ ra mítà kan, ẹ fi sí ojú páìpù tó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ sí táńkì òkè, kí ẹnì kan ṣoṣo máa kà á ní wákàtí kan náà láràárọ̀. Bí owó mítà kò bá tíì sí, ẹ lo aago. Ẹ jẹ́ kí táńkì 2,000 lítà gbẹ, ẹ wo ìṣẹ́jú tó fi kún. Bó bá gba ogójì ìṣẹ́jú, àádọ́ta lítà ni ẹ̀rọ náà ń fà ní ìṣẹ́jú kan. Láti ọjọ́ náà, ẹ kàn máa kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi tan ẹ̀rọ. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n á fi nọ́ńbà tí wọ́n rí nígbà òjò ṣírò títí di ọyẹ́. Omi ti sá lọ sísàlẹ̀ nígbà náà, ẹ̀rọ ń fa díẹ̀, ìwé sì ń pariwo pé ó ń fa púpọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ohun míì tó ń ba ìṣirò jẹ́ ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ: ọ̀ọ́dúnrún èèyàn wá síbi ìgbéyàwó ní Sátidé, wọ́n lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sùn. Ẹ fún gbọ̀ngàn ní mítà tirẹ̀, tàbí kí ẹ sàmì sí ọjọ́ náà nínú ìwé.

Omi la máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Àpáta ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n. Omi tí bohóòlù wa ń fà, inú sísán àpáta àti inú ilẹ̀ rírà tó bo àpáta náà ló ń sá pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí bohóòlù kan fi ń tú yàà tí ti ilé kejì sì gbẹ táútáú. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá ń fa omi tọ̀sán-tòru nínú oṣù Kejì, ó lè jẹ́ kànga àdúgbò ló ń fà. Olùyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á jáde lẹ́nu géètì, á bi ìyá tó ń ta ẹ̀wà níbẹ̀ bóyá kànga wọn ṣì lómi.

Ẹ gbé garawa tí ẹ ti sàmì lítà mẹ́wàá sí lára sábẹ́ ṣáwà, ẹ ṣí i tán, ẹ wo aago. Bó bá dé ojú àmì kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ṣáwà náà ń da ju lítà mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú kan; ẹ pààrọ̀ orí rẹ̀. Èyí tó ń da lítà mẹ́jọ, tí garawa á fi dé ojú àmì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 75, tẹ́ni lọ́rùn dáadáa. Ká sì sọ òótọ́, àlejò tó fi garawa àti ike ìbùmi wẹ̀, nǹkan bí ogún lítà ló lò. Ẹni tó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sábẹ́ ṣáwà tó ń da lítà méjìlá ti lo 96. Ìdí rèé tí kò fi yé wa bí àwọn kan ṣe ń kó garawa kúrò ní bálùwẹ̀ pé kí yàrá lè jọ ti òyìnbó. Ẹ dá garawa padà síbẹ̀, kó mọ́, kó ní ọmọrí.

Táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni olè tó dákẹ́ jù nínú ilé. Ẹ ro àwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ bá yọ sínú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà tó dé ojú ihò ti jẹ. Táàpù náà ńkọ́? Èyí tó ń kán tó lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń da tó ogún lítà nù lóòjọ́. Fún táńkì àtijọ́ tó ń lo lítà mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bu yanrìn díẹ̀ sínú ike omi lítà kan àbọ̀, ẹ rọmi kún un, ẹ dé e pa, ẹ gbé e dúró sí kọ̀rọ̀ táńkì níbi tí apá tó ń lọ sókè-sódò kò ti ní í kàn án. Ẹ má lo bíríkì. Bíríkì á máa rún díẹ̀díẹ̀, ẹrùpẹ̀ rẹ̀ á wọ abẹ́ rọ́bà, jíjò tí kò sí tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ju tíṣù sí i, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá lọ, ẹ yọ ike náà, torí àlejò á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àdánù á wá ju èrè lọ.

Sókáwè, ihò tí omi ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń rì sí, gbọ́dọ̀ jìnnà sí bohóòlù, ó kéré tán ọgbọ̀n mítà, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kì í ṣe lókè. Nínú ilẹ̀ àpáta, ìdọ̀tí lè gba inú sísán kan lọ jìnnà láìsí iyẹ̀pẹ̀ tó máa sẹ́ ẹ. Sókáwè aládùúgbò náà wà nínú ìṣirò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ọgbà yín ló wà. Níbi tí ilẹ̀ kò bá gbà, ẹ fi kọnkéré di orí bohóòlù yíká, kí páìpù rẹ̀ yọ sókè kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì máa kó ìdọ̀tí inú táńkì ìsàlẹ̀ kó tó kún. Ẹ mú omi lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an. Kòkòrò E. coli, tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ omi, kò gbọ́dọ̀ sí nínú mílílítà 100, ẹyọ kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ sí. Inú ìgò tí ilé àyẹ̀wò fún yín ni kí ẹ bu ú sí. Ike omi tí ẹnì kan ti mu tẹ́lẹ̀ á ba èsì jẹ́.

Yàrá tí kò rí àlejò fún ọ̀sẹ̀ kan ní ewu tirẹ̀. Omi tó dúró sójú kan nínú páìpù, tí oòrùn sì mú lọ́wọ́ọ́rọ́, ni kòkòrò Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, fẹ́ràn. Láàárín ìwọ̀n ooru 20 sí 45 ló ti ń bí sí i. Atẹ́gùn tó lọ́rinrin láti ẹnu ṣáwà ló ń gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí olùtọ́jú yàrá ṣí gbogbo ẹnu omi nínú yàrá òfìfo fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Hítà tó ń tọ́jú omi gbígbóná pamọ́ gbọ́dọ̀ dé 60. Ẹni tó bá yí i sí 40 torí owó iná ń sin kòkòrò ni.

Omi òjò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òrùlé tó fẹ̀ tó 150 mítà onígun mẹ́rin á fúnni ní bíi lítà 2,400 nínú òjò ńlá kan tó wọn mílímítà ogún, lẹ́yìn tí a bá ti yọ àdánù. Ẹ jẹ́ kí ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣàn dànù, kó fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ lọ. Ìyókù dára fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òdòdó àti aṣọ fífọ̀.

Tó bá kan iná, jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sáré lọ ra sólà. Lítà dísù kan tó bá jó ń tú nǹkan bí kílò 2.7 èéfín kábọ́ọ̀nù sójú ọ̀run. Ẹ fi lítà oṣù kan lọ́nà 2.7, ẹ fi alẹ́-àlejò pín in, nọ́ńbà tí fọ́ọ̀mù ń bèèrè ti jáde nìyẹn. Lítà 400 fún alẹ́-àlejò 620 jẹ́ kílò 1.74. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni pé jẹnẹrétọ̀ ńlá ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ fún gílóòbù àti fáànù yàrá márùn-ún péré. Bí ẹrù tó gbé kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, ooru inú ẹ́ńjìnnì kò ní í tó, dísù kò ní í jó tán, epo dúdú á wá máa rọ lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ẹ fọwọ́ kàn án láàárọ̀ bí ó bá ti tutù, ẹ ó rí i. Mẹkáníìkì á ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Bí ẹ ṣe lò ó ló pa á. Ẹ kó iṣẹ́ wúwo jọ sí wákàtí díẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ ńlá fi wà lẹ́nu iṣẹ́: omi fífà, aṣọ lílọ̀, fírísà, kí bátìrì invẹ́tà sì máa gba iná lákòókò kan náà. Gílóòbù àti fáànù òru á wá wà lórí invẹ́tà. Kí ẹ sì gbé ẹnu sàlẹ́ńsà kúrò lápá fèrèsé yàrá, títí kan yàrá òṣìṣẹ́. Èéfín yẹn ń pa èèyàn lójú oorun.

Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n yí sí 18 kì í mú yàrá tutù kíákíá ju èyí tó wà ní 24 lọ. Kò kàn ní í sinmi ni. Ẹ yí i sí 24 kí àlejò tó wọlé, ẹ fọ àwọ̀n rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí oníṣẹ́ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kó tú gáàsì inú rẹ̀ dànù sí afẹ́fẹ́. Bátìrì tó kú, ẹ má tà á fún àwọn tó ń fọ́ ọ láàárín ilé. Òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta tuntun fún yín bóyá ó ń gba àtijọ́ padà, kí ó sì fún yín ní rìsíìtì.

Ìdọ̀tí: garawa mẹ́ta ní kíṣìn, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ike àti agolo, ọ̀kan fún ìyókù. Wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Sísun ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé kò sí nínú ìlànà kankan, ẹ má fi í pamọ́ fún olùyẹ̀wò, eérú á sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òṣìṣẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé tó rẹwà ti ń kùnà. Ọ̀rọ̀ táwẹ́ẹ̀lì la máa fi ṣàpẹẹrẹ. Àlejò lọ, táwẹ́ẹ̀lì kan kò sí mọ́, alákòóso yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yàrá. Ó ti wọ́pọ̀ débi tí ọ̀pọ̀ rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala karùn-ún, kò gbà pé kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí kò kọbi ara sí i, ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀. Òfin kan náà ní kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀, kó ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, kó sì ní ìsinmi ọdọọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́yìn tó bá ti lo oṣù méjìlá. Obìnrin tó fẹ́ bímọ ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjìlá. Àwọn tó ń lé òṣìṣẹ́ nígbà tí ikùn bá yọ, ẹ gbọ́.

Owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà ní oṣù Keje ọdún 2024. Òfin náà yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì Adó sì wà lábẹ́ iye yẹn. Lójú tiwa, ẹni tó bá sá sábẹ́ ẹ̀wù yẹn kò ní í gba fọ́ọ̀mù kọjá, torí ohun tí oníbàárà ń bèèrè ni bóyá owó náà tó jẹun, tó sanwó ilé, tó wọ mọ́tò. Ẹ jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́ta, ẹ kọ ìnáwó oṣù kan sílẹ̀, ẹ fi wé owó tí ẹ ń san. Ilé tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ yín, ìdá mẹ́jọ láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Òfin 2010 lórí ìpalára lẹ́nu iṣẹ́ sì ní kí ẹ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sí NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Kì í wúwo títí di ọjọ́ tí alásè bá jóná.

Olùyẹ̀wò á ní kí ẹ mú òun lọ síbi tí òṣìṣẹ́ ń sùn. Ẹ má ṣe mú un lọ sí yàrá àlejò kan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Ó máa ń wo bóyá ilẹ̀kùn ṣeé tì láti inú, bóyá ibùsùn obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, bóyá ilé jẹnẹrétọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń sùn sí. Ó tún ń béèrè ohun tí olùtọ́jú yàrá máa ṣe bí àlejò bá fọwọ́ kàn án. Ìdáhùn tó yẹ kó gbọ́ kúrú: ilẹ̀kùn máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu tí a bá ń tọ́jú yàrá, ẹnì kan kì í dá lọ sí yàrá àlejò lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, ẹni báyìí ni mo máa sọ fún, wọn kò sì ní í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi torí mo sọ. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá nítorí akọ-ń-bábo. Èyí tó jáde ní 2019 ni kí ẹ kọ́ ara yín.

Ọmọdé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, Èkìtì sì ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Ìlànà àgbáyé kan tó ń jẹ́ The Code, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ń béèrè pé kí òtẹ́ẹ̀lì kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó sì fi ọ̀rọ̀ ààbò ọmọdé sínú àdéhùn. Níwájú, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju báyìí lọ: àgbàlagbà tó bá mú ọmọ wọlé, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ náà pẹ̀lú, ẹ bi í bí wọ́n ṣe tan, ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tààràtà: "Ọmọ mi, ta ni èyí sí ọ?" Bí ìdáhùn méjèèjì bá takora, ẹ má bá àgbàlagbà náà jà níbẹ̀. Ẹ ní ẹ ń wá kọ́kọ́rọ́, ẹ pe alákòóso, kí alákòóso pe ọlọ́pàá tàbí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò. Ẹ kọ aago àti àwọ̀ mọ́tò sílẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n lé wọn jáde "kí wàhálà má bá wa". Ọmọ náà ti lọ nìyẹn. Òmíràn ni dídàkọ káàdì ìdánimọ̀ àlejò kí ẹ sì jù ú sínú dúróà tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 kan ìyẹn náà.

Oúnjẹ ni ibi tí Èkìtì ti rọrùn jù láti gba máàkì. Iṣu wa, ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, ẹ̀fọ́, ẹja àrọ̀: ẹ kọ orúkọ àgbẹ̀, ìlú rẹ̀, ìwọ̀n ọjà àti ọjọ́ tí ẹ sanwó. Ọjọ́ ìsanwó yẹn ni ẹ̀rí ìṣe ọmọlúàbí. Òtẹ́ẹ̀lì tó ń ra ọjà àwìn lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó sì ń san án lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, owó àgbẹ̀ ló fi ń ṣòwò. Ọjọ́ méje tó. Ní ti ẹran ìgbẹ́, ọ̀yà kò léwu nínú ìṣirò yìí, bí ẹ bá mọ ẹni tó ń sìn ín tàbí tó ń dẹ ẹ́. Akika ni kí ẹ yọ pátápátá. Wọ́n ti gbé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sí ipele tí ààbò ti le jù nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, láti ìpàdé ọdún 2016. Orúkọ rẹ̀ lásán lórí ìwé oúnjẹ lè lé gbogbo ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kan dànù. Àwo àti ìkòkò tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ lọ rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò Ìṣàn, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó mọ ọ́n sábẹ́ rẹ̀ bó bá gbà.

Àlejò tí ẹ ń rán lọ sí Òkè Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́, tàbí sí Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti ń pàdé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún wọn ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má fi sílẹ̀ fún awakọ̀. Ojú ewé kan tó: ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ wọ̀, pé kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó ya fọ́tò aláṣẹ, olórìṣà tàbí ọmọdé, pé kí wọ́n má wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ nínú ìsun. Kí ẹ lọ bá àwọn tó ni ibẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ohun tí ìwé kan sọ pé kò léèwọ̀, Baálẹ̀ lè sọ pé eewọ̀ ni.

Gbígba àlejò tó ní àléébù ara kò ní kí ẹ kọ́ ilé tuntun. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ gùn ní ìlọ́po méjìlá gíga àtẹ̀gùn: àtẹ̀gùn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 nílò mítà 5.4. Ọ̀pọ̀ ń ṣe ti mítà méjì, kẹ̀kẹ́ á sì ṣubú sẹ́yìn. Yàrá ìsàlẹ̀ kan, ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, irin ìdìmú lára ògiri, ó parí.

Ó ku àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà. Bí olùyẹ̀wò bá rí àbùkù, ẹ má jiyàn, ẹ má sì ṣèlérí pé "gbogbo rẹ̀ á ti dára lọ́la". Ẹ kọ àbùkù náà, orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe, ọjọ́ tó máa parí, àti ẹ̀rí tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Àbùkù tó lè pani tàbí tó kan ọmọdé, wákàtí 24. Omi tó ní kòkòrò, ẹ dá lílò rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó wá ọjọ́. Ọ̀rọ̀ owó oṣù lè gba oṣù mẹ́ta, àmọ́ kí ó ní ìpele. Ẹ̀yin náà ní ohun tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà: kí ó san owó àsansílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà, kí ó san ìyókù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí ó sọ ọjọ́ tó kẹ́yìn tó lè fagi lé e láìsan ìtanràn. Bí ó bá sì ń béèrè owó oṣù tó tó jẹun fún òṣìṣẹ́ yín lójú ewé kìíní, tó tún ń ní kí ẹ gé owó yàrá sí ìdajì lójú ewé kejì, ẹ gbé ìṣirò owó oṣù yín sílẹ̀ níwájú rẹ̀, orúkọ lẹ́yìn orúkọ, kí ẹ ní kó tọ́ka sí èyí tí ẹ máa dín.